Kí ló ń jẹ́ 2,147,483,647? Ó ti gba ipò nọ́ńbà fóònù gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ wa

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ẹ kú iṣẹ́ o ẹ̀yin ará ilé. Ẹ jọ̀ọ́ ẹ bá mi dá sí ọ̀rọ̀ yìí. Èmi ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kan, áàpù kan wà tá a fi ń tọ́jú orúkọ àti owó àwọn ọmọ ẹgbẹ́, kì í ṣe ojú mi ni wọ́n ṣe kọ ọ́ o, mo dé mo bá a níbẹ̀ ni, pásíwọ́ọ̀dù nìkan ni wọ́n kó lé mi lọ́wọ́. Mo wá ní kí n yọ nọ́ńbà fóònù wọn jáde kí n lè fi ọjọ́ ìpàdé ránṣẹ́, àfi bí mo ṣe rí i pé gbogbo wọn pátá, látorí alága dórí màmá tó ń ta ẹ̀fọ́, nọ́ńbà kan náà ló wà níwájú orúkọ wọn: 2147483647.

Mo kọ́kọ́ rò pé àwọn ọmọ yahoo ti wọnú ẹ̀ ni. Mo sọ ọ́ sí Google, ni mo bá tún kó sínú ìdààmú mìíràn, torí nọ́ńbà yìí lórúkọ káàkiri ayé, àwọn kan ní práìmù ni, àwọn kan ní òun ló máa da kọ̀ǹpútà rú lọ́dún 2038, ẹnì kan tiẹ̀ ní bàbá kan tí ojú ẹ̀ ti ń fọ́ ló yẹ̀ ẹ́ wò kí wọ́n tó ṣe kọ̀ǹpútà rárá. Kí ló pa gbogbo ẹ̀ pọ̀? Ṣé torí pé ó jẹ́ práìmù ni àwọn tó ṣe kọ̀ǹpútà ṣe mú un? Àti pé báwo ni mo ṣe fẹ́ rí nọ́ńbà àwọn èèyàn mi gbà padà?

Kóòdù_Ìbàdàn

Ẹ̀gbọ́n ẹ fọkàn balẹ̀, kò sí ọmọ yahoo kankan níbẹ̀. Ẹni tó kọ áàpù yẹn ló kó nọ́ńbà fóònù sínú kọ́lọ́ọ̀mù tí wọ́n ń pè ní INT, ìyẹn èyí tó wà fún nọ́ńbà odidi, INT ò sì lè gba ohun tó bá ju 2,147,483,647 lọ.

Ìdí tó fi jẹ́ iye yẹn, ẹ wo odù Ifá. Ojú mẹ́jọ ni babaláwo máa ń tẹ̀ sórí ọpọ́n, mẹ́rin lápá ọ̀tún mẹ́rin lápá òsì, ojú kọ̀ọ̀kan á jẹ́ ẹyọ kan tàbí méjì, kò sí ẹ̀kẹta, ìdí nìyẹn tí odù fi jẹ́ 256 géérégé, torí 2 mẹ́jọ tá a bá fi ara wọn sọ di púpọ̀, 256 ló ń bọ́ sí. Bíìtì náà nìyẹn, 0 tàbí 1 ni, àmọ́ 32 ni INT ní. Wọ́n á mú ọ̀kan nínú ẹ̀ láti fi mọ̀ bóyá nọ́ńbà náà wà lókè òdo tàbí nísàlẹ̀ òdo, ó wá ku 31. Ẹ mú 1 kẹ́ ẹ máa sọ ọ́ di ìlọ́po méjì: 2, 4, 8, 16, tó bá di ẹ̀ẹ̀kẹwàá ẹ ti wà ní 1,024, ẹ̀ẹ̀kan lé ní ọgbọ̀n ẹ ti dé 2,147,483,648. Òdo ń gba àyè kan nínú ẹ̀, ìdí nìyẹn tí èyí tó ga jù fi jẹ́ 647 lẹ́yìn dípò 648.

Ó wá ku tiwa ní Nàìjíríà. Nọ́ńbà fóònù wa, 080, 070, 081, 090, tí kọ̀ǹpútà bá ti gbà á bíi nọ́ńbà, ó máa ju òdo iwájú ẹ̀ nù, 8 bílíọ̀nù ó lé ló máa kù, tàbí 7, tàbí 9. Kò sí èyí tó lè wọ INT nínú wọn, ẹyọ kan péré kò sí! Àfi landline Èkó àtijọ́ tó ń fi 01 bẹ̀rẹ̀, ìyẹn á wọlé. MySQL, ìyẹn ètò kọ̀ǹpútà tó ń tọ́jú àkọsílẹ̀ fún áàpù, tí wọn ò bá ṣètò ẹ̀ kó le koko, kì í dá ohun tó bá pọ̀ jù fún un padà, ńṣe ló máa gé e mọ́ ibi tó ga jù tó lè dé, ìkìlọ̀ kékeré tí áàpù kì í sábà fi han èèyàn nìkan ló máa fi sílẹ̀.

Ní ti gbígbà á padà, kò sí nínú kọ́lọ́ọ̀mù yẹn mọ́ o, nọ́ńbà gidi ò fìgbà kankan wọ ibẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọ́n fọwọ́ kọ nígbà tí wọ́n ń wọ ẹgbẹ́ ni kẹ́ ẹ wá lọ. Kẹ́ ẹ tó tún un tẹ̀, ẹ ní kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sọ kọ́lọ́ọ̀mù yẹn di VARCHAR, èèyàn kì í ro nọ́ńbà fóònù pọ̀ mọ́ ara wọn, ká kà á sí lẹ́tà ló dáa.

Práìmù tí wọ́n ń sọ, ẹ gbàgbé ìyẹn, kò kan kọ̀ǹpútà.

Baba_Ìbejì_Dallas

😂😂 Ẹ̀yin tún ṣoríire o, tiyín bàjẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, ó hàn sójú. Níbí tí mò ń gbé, 214 ni kóòdù fóònù Dallas, torí náà tí 2147483647 bá jáde nínú àkọsílẹ̀ oníbàárà, nọ́ńbà ará àdúgbò wa ló máa jọ, kò sẹ́ni tó máa fura. Wọ́n á sì dán áàpù wò pẹ̀lú 212 ti New York, ó wọlé, wọ́n á dán 213 ti Los Angeles wò, ó wọlé, gbogbo èèyàn á pàtẹ́wọ́, ìgbà tó bá dé ọ̀dọ̀ ará Houston tó ń lo 713 ni gbẹgẹdẹ máa tó gbiná. Ohun tí Kóòdù_Ìbàdàn wí, ẹ ṣe é kíá.

Tíṣà_Máàtì

Àbúrò mi Kóòdù_Ìbàdàn, o ṣàlàyé yẹn dáadáa, àmọ́ "ẹ gbàgbé ìyẹn" tó o sọ nípa práìmù ni mi ò ní gbà fún ẹ.

Ẹ̀yin tó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti kúrò ní ilé ìwé, práìmù ni nọ́ńbà tí nǹkan kan ò lè pín dọ́gba àyàfi 1 àti òun fúnra ẹ̀. 7 jẹ́ bẹ́ẹ̀, 31 jẹ́ bẹ́ẹ̀, 15 kì í ṣe bẹ́ẹ̀ torí 3 àti 5 wà nínú ẹ̀. 2,147,483,647 náà jẹ́ bẹ́ẹ̀. Òótọ́ ni pé kì í ṣe torí ìyẹn ni wọ́n ṣe mú un, akọ̀wé, ìdáhùn ìbéèrè yín nìyẹn, ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe ṣẹlẹ̀ kẹ́ ẹ rí i pé ó dùn. Ibi gíga jù fún bíìtì 8 jẹ́ 127, práìmù ni. Fún bíìtì 16 ó jẹ́ 32,767, ìyẹn kì í ṣe práìmù, 7 × 31 × 151 ni. Fún bíìtì 64 tó wà nínú fóònù wa báyìí ó jẹ́ 9,223,372,036,854,775,807, 7 ló máa kọ́kọ́ fọ́ ọ. Kí ló dé? Torí 64 tá a yọ 1 nínú ẹ̀ jẹ́ 63, 63 sì jẹ́ 3 × 21, ibi yòówù tí 3 bá ti wọ iye ìlọ́po, 2^3 − 1 (ìyẹn 2 mẹ́ta tá a fi ara wọn sọ di púpọ̀, ká wá yọ 1) tó jẹ́ 7 á tẹ̀ lé e wọlé. 15 náà jẹ́ 3 × 5, òun ló fa 7 inú 32,767. Ṣùgbọ́n 32 tá a yọ 1 jẹ́ 31, kò sí nǹkan tó lè wọ 31.

Kì í wá ṣe pé tí iye ìlọ́po bá ti jẹ́ práìmù gbogbo ẹ̀ ti parí o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣubú. 11 jẹ́ práìmù, ẹ wo 2^11 − 1, 2,047 ni, 23 × 89. Nítorí náà ẹnì kan gbọ́dọ̀ jókòó kó yẹ 2^31 − 1 wò fúnra ẹ̀. Cataldi ará Ítálì ti sọ ní 1588 pé práìmù ni, àmọ́ ó sọ ohun kan náà nípa 23, 29 àti 37, irọ́ sì ni gbogbo ìyẹn. Mersenne, ẹni Ọlọ́run ará Faransé tí wọ́n fi orúkọ ẹ̀ pe irú nọ́ńbà yìí, fi 31 sínú àkójọ tiẹ̀ ní 1644, ó fi 67 àti 257 tí kò yẹ sí i, ó sì fo 61, 89 àti 107. Ẹni tó fi ìdí ẹ̀ múlẹ̀ ni Leonhard Euler, ní St. Petersburg, ó kọ ọ́ sí Johann III Bernoulli nínú lẹ́tà ní 1772. Òun ni bàbá tí ojú ẹ̀ ti ń fọ́ tẹ́ ẹ kà nípa ẹ̀, ojú kan ti lọ tipẹ́, ìkejì náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lọ tán nígbà yẹn, orí ló fi ń ṣe ọ̀pọ̀ nínú ìṣirò ẹ̀, àwọn ọmọ ẹ̀ àti akẹ́kọ̀ọ́ á máa bá a kọ ọ́ sílẹ̀.

Ọmọ_Físíìsì

Ẹ jọ̀ọ́ sà, mi ò fẹ́ jiyàn, àmọ́ ẹ ní bílíọ̀nù méjì ó lé, láìsí kalikúlétọ̀, láìríran. Ká tiẹ̀ ní ó mọ̀ pé òun ò ní kọjá rúùtù onígun mẹ́rin ẹ̀, ìyẹn 46,340, ó ju ẹgbẹ̀rún mẹ́rin práìmù tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀ lọ. Ta ló fẹ́ jókòó pín gbogbo ẹ̀? Mo rò pé wọ́n kàn ń bù mọ́ ọn ni.

Tíṣà_Máàtì

Ìbéèrè gidi lo bi. Kò pín gbogbo ẹ̀. Ó kọ́kọ́ bi ara ẹ̀ pé, ká ní práìmù kan wà tó lè pín nọ́ńbà yìí, báwo ló ṣe gbọ́dọ̀ rí?

Ẹ pe práìmù yẹn ní p. Fermat, onímọ̀ ìṣirò kan, ti fi sílẹ̀ fún wa pé tẹ́ ẹ bá pín 2^(p−1) sí p, 1 ló máa ṣẹ́kù. Tí p bá wá pín 2^31 − 1 dọ́gba, á jẹ́ pé 2^31 náà máa ń ṣẹ́ 1 kù. Torí pé 31 jẹ́ práìmù, kò sí ìlọ́po kékeré kan tó lè ti ṣẹ́ 1 kù ṣáájú ẹ̀, nítorí náà dandan ni kí 31 wọ inú p − 1 dọ́gba. P kì í ṣe nọ́ńbà tí 2 lè pín, torí náà 2 náà gbọ́dọ̀ wọ p − 1. Ẹ so méjèèjì pọ̀: p gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 62 tá a fi 1 lé. Wò ó bí ọ̀pọ̀ ṣe ṣubú lẹ́ẹ̀kan náà, 3, 5, 7, 11, gbogbo wọn ti kúrò ńlẹ̀ láìpín nǹkan kan.

Kò dúró síbẹ̀. 2^31 ń ṣẹ́ 1 kù, á jẹ́ pé 2^32 ń ṣẹ́ 2 kù, 2^32 sì ni 65,536 tá a fi ara ẹ̀ sọ di púpọ̀. Ìyẹn fi hàn pé lójú p, 2 jẹ́ nọ́ńbà onígun mẹ́rin, práìmù tó bá sì rí bẹ́ẹ̀, tẹ́ ẹ bá pín in sí 8, 1 tàbí 7 ló máa ń ṣẹ́kù. Ẹ tún fi ìyẹn jọ̀ ọ́, àwọn tó kù kò ju ìlọ́po 248 tá a fi 1 lé tàbí 63 lé. Láti ibẹ̀ dé 46,340, 372 péré ni wọ́n! Ọ̀pọ̀ nínú wọn gan-an kì í ṣe práìmù, 249 jẹ́ 3 × 83, 559 jẹ́ 13 × 43, ẹ fò wọ́n.

Ẹ mú pẹ́ńsù. Èyí àkọ́kọ́ tó jẹ́ práìmù ni 311. 311 × 6,905,092 = 2,147,483,612, ó ṣẹ́ 35 kù, ó ti já. Èyí tó tẹ̀ lé e ni 1,303, ó ṣẹ́ 226 kù. 1,489, ó ṣẹ́ 199 kù. Ẹ máa bá a lọ bẹ́ẹ̀, ìrọ̀lẹ́ méjì mẹ́ta ni fún ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe, kò sí èyí tó wọlé dọ́gba nínú gbogbo wọn.

Ìwúlò ẹ̀ fún Euler, ó ti fẹ́ràn àwọn nọ́ńbà tó jẹ́ pé tẹ́ ẹ bá ro gbogbo ohun tó pín wọn dọ́gba pọ̀, láìka àwọn fúnra wọn mọ́ ọn, àwọn fúnra wọn lẹ máa rí. 6 jẹ́ 1 + 2 + 3. 28 jẹ́ 1 + 2 + 4 + 7 + 14. Bẹ́ẹ̀ ni 496, bẹ́ẹ̀ ni 8,128. Gbogbo ìgbà tí 2^n − 1 bá jẹ́ práìmù lẹ máa rí ọ̀kan sí i, ẹ kàn fi 2^(n−1) sọ ọ́ di púpọ̀. 31 fún wa ní 2,305,843,008,139,952,128, ìkẹjọ irú ẹ̀ láyé. Peter Barlow ará Gẹ̀ẹ́sì kọ ọ́ ní 1811 pé kò sẹ́ni tó máa rí èyí tó tóbi ju ìyẹn lọ láéláé, torí kò wúlò fún nǹkan kan, ta ló fẹ́ máa wá a. Bàbá yẹn ò mọ irú ọmọ aráyé tá a jẹ́. Lucas rí 2^127 − 1 ní 1876, nọ́ńbà oníwọ̀n díjíìtì 39. Èyí tó jáde ní October 2024, 2^136,279,841 − 1, ní díjíìtì tó lé ní mílíọ̀nù 41.

Àdùnní_Ọ̀kẹ́

Ẹ̀yin ọ̀mọ̀wé, ẹ fi èyí náà kún un fún èmi tí mo fẹ́ràn òǹkà ilé wa: 20,000 ni ọ̀kẹ́ kan, torí náà nọ́ńbà yín jẹ́ ọ̀kẹ́ 107,374, ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ó lé 647 ló ṣẹ́kù. Àwọn tó ń fi owó ẹyọ ná ọjà láyé àtijọ́ ì bá wá agbàrù wá.

Kóòdù_Ìbàdàn

Tíṣà, mo ti gba tiyín, ẹ jẹ́ kí n fi nǹkan kún un torí ẹ ti rán mi létí pé práìmù yẹn kan kọ̀ǹpútà lápá ibì kan lóòótọ́. Nígbà tí géèmù tàbí ìdánwò bá ń fẹ́ nọ́ńbà bí ẹni ta ayò, tó jẹ́ pé èèyàn ò ní lè sọ èyí tó ń bọ̀, ọ̀nà kan tí wọ́n ti ń lò tipẹ́ ni pé kí wọ́n mú nọ́ńbà tó wà ńlẹ̀, wọ́n á fi 16,807 sọ ọ́ di púpọ̀, wọ́n á pín in sí 2,147,483,647, ohun tó bá ṣẹ́kù ni nọ́ńbà tuntun. Ẹ fi 1 bẹ̀rẹ̀: 16,807, lẹ́yìn náà 282,475,249, lẹ́yìn náà 1,622,650,073, lẹ́yìn náà 984,943,658. Torí pé práìmù ni, tí wọ́n sì ṣa 16,807 dáadáa, kò sí nọ́ńbà kan láti 1 títí dé 2,147,483,646 tí kò ní dé kó tó padà sí 1. Ká ní 2,147,483,648 ni wọ́n pín in sí ni, kò ní rí bẹ́ẹ̀. Barlow ní kò wúlò abi?

Tí 2038 wá ńkọ́, ìyẹn ò kan práìmù, òdiwọ̀n nìkan ni. Ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà ń ka àkókò pẹ̀lú ìṣẹ́jú àáyá láti January 1, 1970, àwọn ti àtijọ́ sì ń fi í sínú bíìtì 32 kan náà. Tó bá di ọjọ́ Tuesday January 19, 2038, aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú 14 àti ìṣẹ́jú àáyá 7 ìdájí ní Nàìjíríà, ó máa kún. Àáyá kan lẹ́yìn ẹ̀, èyí kì í gé bíi ti MySQL, ńṣe ló ń yí padà sí ìsàlẹ̀ òdo, −2,147,483,648, ẹ̀rọ yẹn á gbà pé December 1901 la wà. Fóònù tuntun ò ní wàhálà, bíìtì 64 ni wọ́n ń lò, àwọn ẹ̀rọ tó ti pẹ́ tí wọ́n rì mọ́ inú ilé iṣẹ́ tí kò sẹ́ni tó ń tún wọn ṣe ni kẹ́ ẹ bẹ̀rù. YouTube náà sún òǹkà tiwọn sí bíìtì 64, wọ́n kéde ẹ̀ ní December 2014 nígbà tí iye èèyàn tó wo fídíò olórin Kòríà kan fẹ́ kọjá nọ́ńbà yìí.

Akọ̀wé_Alájẹṣẹ́kù

Ẹ ṣeun gan-an ni o, Ọlọ́run á bù kún yín. Fọ́ọ̀mù wọn wà ní ilé akápò, mo ti pè é. Ẹ̀gbọ́n Tíṣà, mo pín 311 yẹn fúnra mi lórí bébà, 35 ló ṣẹ́kù lóòótọ́, inú mi dùn bí ẹni jẹ ayò.

Ọmọ_Físíìsì

Tíṣà, ìbéèrè kan ló kù. 5 jẹ́ práìmù, 2^5 − 1 jẹ́ 31, práìmù. 31 fún wa ní 2,147,483,647, práìmù. Tá a bá wá mú 2,147,483,647 fúnra ẹ̀ ká fi ṣe iye ìlọ́po ńkọ́, ṣé òun náà ò ní fún wa ní práìmù tó ju ti gbogbo ayé lọ?

Tíṣà_Máàtì

O ronú bí wọ́n ṣe ronú, torí ọ̀nà tó bẹ̀rẹ̀ láti 2 ṣe bẹ́ẹ̀ lóòótọ́: 2, 3, 7, 127, 2^127 − 1, gbogbo wọn práìmù. Ṣùgbọ́n tìẹ já síbẹ̀. Nọ́ńbà tó ò ń wá yẹn ní díjíìtì tó lé ní mílíọ̀nù 646, kò sẹ́ni tó nílò láti kọ ọ́ jáde kó tó mọ̀ pé ó fọ́, òfin kan náà tó fún Euler ní 62 ló tú u, ohun tó bá máa pín in gbọ́dọ̀ jẹ́ ìlọ́po 2 × 2,147,483,647 tá a fi 1 lé. Wọ́n rí i: 295,257,526,626,031. Yọ 1 kúrò nínú ẹ̀ kó o pín in sí nọ́ńbà akọ̀wé wa, 137,490 géérégé lo máa rí, kò ní ṣẹ́ nǹkan kan kù.